Ilé Tíátà Yunifásítì tí Wọ́n Fẹ́ Tì Pa: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwa Ọmọ Yorùbá ní Òkè Ọya

Láti ìgbà tí ìròyìn ti tàn ká pé wọ́n fẹ́ ti ilé tíátà kan pa ní yunifásítì kan ní Òkè Ọya, ìbéèrè kan náà ni à ń gbọ́ ní ìpàdé ọmọ ìlú ní Àbújá, níbi ìkómọjáde àti lórí fóònù. Akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tíátà ni mí, Kúbwà ni mo sì ń gbé. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síhìn-ín, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó.

Kí ni ilé tíátà yunifásítì, kí ló sì fi yàtọ̀ sí gbọ̀ngàn lásán?

Gbọ̀ngàn ni ibi tí a to àga sí, tí ẹnì kan yóò dúró níwájú, tí àwọn yòókù yóò máa gbọ́ ọ. Ilé tíátà dà bí ẹ̀rọ ńlá kan tí àwọn ènìyàn ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Òkè rẹ̀ ní irin gbọọrọ tí a ń gbé iná kọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìtàgé rẹ̀ méjèèjì ní àyè tí òṣèré ń dúró sí láìjẹ́ pé òǹwòran rí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní yàrá ìmúra, yàrá aṣọ eré àti ilé iṣẹ́ káfíńtà. Ìjókòó rẹ̀ sì ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè rí ẹsẹ̀ oníjó lórí ilẹ̀.

Ní ti yunifásítì, ilé yìí kan náà ni yàrá ìwádìí. Ohun tí láàbù jẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́míṣìrì, tí oko ilé ìwé jẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ni orí ìtàgé jẹ́ fún ẹni tó ń kọ́ eré ṣíṣe, eré dídarí, iná títò àti aṣọ eré rírán.

Ilé tíátà wo gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Àwa tí a kò fẹ́ kí wọ́n tì í pa kò dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà nítorí pé ìgbìmọ̀ aláṣẹ rẹ̀ kò tíì fọwọ́ sí ìpinnu kankan, a kò sì fẹ́ ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́ nígbà tí ìjíròrò ṣì ń lọ lọ́wọ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn mọ̀ ọ́n. Ohun tí a kọ síhìn-ín wúlò fún ilé tíátà yunifásítì yòówù tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé bá.

Kí ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ dà?

Gbọ̀ngàn ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Àbá náà ni pé kí wọ́n yọ àwọn ìjókòó, kí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ilẹ̀ tó dà bí àtẹ̀gùn náà pẹrẹsẹ, kí wọ́n tú irin iná òkè sílẹ̀, kí wọ́n sì to tábìlì síbẹ̀.

Àwọn wo ló ń lo ilé náà nísinsìnyí?

Ní ọjọ́ iṣẹ́ kan, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní máa ń wà lórí ìtàgé láìwọ bàtà, tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń mí láti inú ikùn kí ohùn má baà há. Ní ọ̀sán, àwọn ọdún kẹta á máa fi ayùn rẹ́ pákó lẹ́yìn ilé. Nírọ̀lẹ́, ẹni tó ń múra iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ á kó àwọn òṣèré rẹ̀ jọ. Láàárín ìwọ̀nyí ni àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Tiv, Ídómà, Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò máa ń gbà á fún ọjọ́ àṣà wọn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn máa ń ṣe eré lórí ibà àti àjẹsára níbẹ̀, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí sì máa ń kó ọmọ wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣojú mi. Nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní, olùkọ́ wa fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì kékeré kan sílẹ̀, ó sì ní kí n rìn láti ẹ̀yìn ìtàgé wá dúró lé e láìwo ilẹ̀. Mo rìn, mo dúró, ṣùgbọ́n inú òkùnkùn ni ojú mi wà. Ó ní kí n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá iná náà, nítorí pé ooru rẹ̀ ni yóò sọ ibi tó wà fún mi. Mo sún ẹsẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, ooru náà bà mí lójú, ẹnì kan tó jókòó sórí àga ìkẹyìn sì kígbe pé òun ti rí mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kan wà tí ara nìkan lè kọ́, ibi tí wọ́n sì ti kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ da kọnkéré sí.

Ṣé tíátà kì í ṣe ohun tí òyìnbó gbé wá bá wa?

Rárá o. Ní oṣù Kejì ọdún 1826, nígbà tí àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò méjì, Hugh Clapperton àti Richard Lander, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga, Aláàfin ní kí àwọn òṣèré wá ṣeré fún àwọn àlejò rẹ̀. Clapperton kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Àwọn kan jó nínú àpò. Ejò ńlá kan yọ jáde láti inú àpò. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀dá funfun kan jáde tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí òtútù mú, tó ń pa ọwọ́ pọ̀, tó sì ń fín aáṣáà. Gbogbo àwọn òǹwòran fi ẹ̀rín sí i, nítorí pé òyìnbó ni àwọn òṣèré náà ń sín jẹ lójú ara rẹ̀. Kò tíì sí yunifásítì kankan ní ilẹ̀ yìí nígbà náà.

Àwọn tí a jọ ń gbé ní Òkè Ọya náà ní tiwọn. Àwọn Tiv ní Kwagh-hir, eré ọmọlangidi, eégún àti ìtàn, tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé ní ọdún 2019. Àwọn Haúsá ní wasan kwaikwayo, wọ́n sì ní àwọn 'yan kama tí wọ́n ń pa ará ọjà lẹ́rìn-ín. Àwọn Núpé ní Ndako Gboya, eégún gíga gbọọrọ tí ń yí káàkiri ìlú. Àwọn Ìgbómìnà wa ní Kwara ní egúngún Eléwe. Ohun tí òyìnbó mú wá ni ilé olórùlé tí a ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí à ń ṣe nínú rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé, ilé tíátà yunifásítì sì wà lára àwọn ibi díẹ̀ tí ọmọ Tiv, ọmọ Núpé àti ọmọ Ìgbómìnà ti ń fi ìwọ̀nyí han ara wọn lábẹ́ òrùlé kan náà.

Kí ló kan ọmọ Yorùbá tó ń ṣe òwò tàbí iṣẹ́ ìjọba tirẹ̀ ní Òkè Ọya nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Àdúgbò tí àwọn Haúsá ń gbé nílẹ̀ wa là ń pè ní Sábó; àdúgbò tí àwọn tiwa ń gbé nílùú wọn ni wọ́n ń pè ní Sabon Gari. Ojú irin ló gbé ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa dé Zaria, Kánò, Kàdúná àti Jos, eré Yorùbá sì tẹ̀ lé wọn. Hubert Ògúńdé gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ dé Jos lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ńlá ti ọdún 1945. Ìjọba amúnisìn dá eré tó ṣe lórí ìyanṣẹ́lódì náà dúró níbẹ̀, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Àwọn Yorùbá tó wà ní Jos nígbà náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan àwọn.

Ẹ tún wo Bíyí Bándélé. Kafanchan ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1967, ọmọ Abẹ́òkúta ni bàbá rẹ̀. Ó dàgbà sí àárín àwọn elédè Haúsá, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ eré ní yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, ó di òǹkọ̀wé eré ní Lọ́ńdọ́nù, èdè Yorùbá ni fíìmù tó darí kẹ́yìn kó tó dolóògbé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣì ń dàgbà ní Kúbwà, ní Nyanya àti ní Tudun Wada: wọ́n ń gbọ́ Yorùbá nílé, wọ́n ń sọ Haúsá ní títì, wọ́n sì ń kàwé lédè Gẹ̀ẹ́sì. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, alẹ́ tí wọ́n bá ń ṣe eré Yorùbá ní ilé tíátà yunifásítì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbọ́ oríkì àti òwe lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe òbí wọn, tí wọ́n sì máa ń rí ọmọ ẹ̀yà mìíràn tó ń pàtẹ́wọ́ fún èdè wọn.

Kí ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ṣe fún ará ìlú rí?

Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, ní ibì kan ní Samaru tí wọ́n ń pè ní Drama Village, tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ ní ìlànà agboolé Haúsá. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ máa ń jáde lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí Zaria ká. Wọn kò gbé eré tí wọ́n ti kọ tán dání. Wọ́n á jókòó ti àwọn ará abúlé, wọ́n á bi wọ́n léèrè ohun tó ń dà wọ́n láàmú, wọ́n á fi í ṣeré ní èdè Haúsá, wọ́n á sì jẹ́ kí àwọn tó ni ìṣòro náà dá sí i. Wasan Manoma ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, èyíinì ni eré àwọn àgbẹ̀. Ìlànà yìí kan náà, tí a mọ̀ sí tíátà fún ìdàgbàsókè, ni àwọn elétò ìlera àti àwọn àjọ aláàánú ń lò títí di òní nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bá abúlé sọ̀rọ̀ lórí àjẹsára tàbí ìmọ́tótó omi.

Ní Ìlọrin, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ eré ní yunifásítì ibẹ̀ ni Zulu Sofola ti ṣiṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n tíátà ní ilẹ̀ wa, kó tó dolóògbé ní ọdún 1995. Ibẹ̀ náà ni Ayọ̀ Akínwálé, tí gbogbo wa mọ̀ nínú fíìmù, ti kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Ìbàdàn. Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ìlú fún ọdún pípẹ́ kí yunifásítì tó gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ eré rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Wọ́n fún un ní àyè, àkókò àti àwọn òṣìṣẹ́; Demas Nwoko bá a ṣe àgbékalẹ̀ orí ìtàgé; ní ọdún 1963 ni eré tó fa yọ láti inú ìwé Amos Tutùọlá jáde, lédè Yorùbá, a kò sì tíì dẹ́kun sísọ̀rọ̀ rẹ̀. Ògbóǹtarìgì ni Ògúnmọ́lá kó tó dé ibẹ̀. Ilé àti àkókò ni yunifásítì fi kún un.

Ọmọ mi fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ tíátà. Ṣé yóò rí iṣẹ́ ṣe?

Mi ò ní tàn yín jẹ: ọ̀pọ̀ nínú wa kò fi eré ṣíṣe nìkan jẹun. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí a jọ jáde, ẹnì kan ń to iná àti ohùn fún ayẹyẹ ní àwọn gbọ̀ngàn ńlá Àbújá, ẹnì kan ń rán aṣọ fún àwọn tó ń ya fíìmù, ẹnì kan ń ka ìròyìn, ẹnì kan ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama, àwọn méjì sì ń bá àjọ ìlera lọ sí abúlé. Olú ilé iṣẹ́ NTA àti ti Radio Nigeria wà ní Àbújá níbí, ilé ẹ̀kọ́ fíìmù tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ sì wà ní Jos.

Ohun tó mú iṣẹ́ wá fún wọn ni ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó ń to iná lónìí gun àkàbà tíátà fún ọdún mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó sanwó fún un.

Ṣé wọn kò lè máa fi kíláàsì kọ́ wọn, tàbí kí wọ́n fi fóònù ya eré náà?

Wọ́n lè kọ́ wọn ní ìtàn tíátà nínú kíláàsì. Iná ni wọn kò lè fi kọ́ wọn nínú yàrá tí oòrùn ń gba fèrèsé mẹ́jọ wọlé. Ní ti fóònù, kámẹ́rà máa ń sún mọ́ òṣèré, òṣèré tíátà ló sì gbọ́dọ̀ gbé ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ òǹwòran. Iṣẹ́ méjì ni, ẹni tó bá sì ti kọ́ èkejì máa ń tètè mọ èkíní.

Èdè Yorùbá tún ní ìdí tirẹ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa. Nínú gbọ̀ngàn tí òrùlé páànù rẹ̀ ń gbé ohùn padà, ohùn máa ń lọ́ pọ̀: obìnrin kan á ké lórí ìtàgé pé ọkọ òun ti lọ, ẹni tó jókòó lẹ́yìn á sì máa rò pé ọkọ̀ ló ń wí. Mo ti wo eré ajẹmọ́tàn kan nínú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, àwọn tó gbọ́ Yorùbá dáadáa sì ń bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n sọ. Ilé tí wọ́n kọ́ fún eré ní ògiri tí ń gba ohùn mọ́ra, ọ̀rọ̀ sì máa ń délẹ̀ ní odindi.

Ṣé títì ilé náà lè nípa lórí ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ?

Ó lè nípa lórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà. NUC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yunifásítì, máa ń rán àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lọ yẹ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wò. Wọ́n ń wo ohun tí wọ́n ń kọ́ni, iye àti ìwé ẹ̀rí àwọn olùkọ́, ilé ìkàwé, àti ilé pẹ̀lú ohun èlò. Ẹ̀ka tó bá fẹ́ gba ìfọwọ́sí kíkún, èyí tó wà fún ọdún márùn-ún, gbọ́dọ̀ ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lápapọ̀, kí ó sì ní ìdá 70 náà nínú àwọn ohun pàtàkì wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìfọwọ́sí onígbà díẹ̀ kò ju ọdún méjì lọ. Ẹ̀ka tí wọ́n bá kọ̀ láti fọwọ́ sí kò ní lè gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́.

Ẹ̀ka tíátà tí kò ní ilé tíátà yóò ṣòro fún láti gba máàkì lórí ilé àti ohun èlò, bí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ti lè wù kí wọ́n dára tó. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn òbí pé ẹni tó bá ti ilé náà pa ti fọwọ́ kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, ì báà sọ pé òun kò fọwọ́ kàn án.

Ṣé òótọ́ ni pé ilé náà ń jẹ owó?

Òótọ́ ni pé ó ń ná ilé ẹ̀kọ́ lówó, bí ilé ìkàwé àti láàbù náà ti ń ná wọn lówó. Kò sí ẹni tó ń bi láàbù kẹ́míṣìrì pé èló ló pa wọlé lóṣù yìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò iná tí wọ́n ń pariwo rẹ̀. Gílóòbù ìtàgé ti àtijọ́ kan lè jẹ wáàtì 1,000. Bí a bá tan ogún nínú wọn fún wákàtí mẹ́ta, yúnìtì 60 ni. Ní ₦225 tí wọ́n gbé yúnìtì kan lé fún àwọn tó wà ní Band A (àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́) ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, iná ìtàgé alẹ́ kan jẹ́ ₦13,500. Bí a bá fi iná LED oníwáàtì 200 rọ́pò wọn, yúnìtì 12 péré ni, owó rẹ̀ sì di ₦2,700. Ohun tó ń jẹ owó gan-an ni ẹ̀rọ amúlétutù ńláńlá tí wọ́n so mọ́ ilé náà, àti epo jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná bá lọ. A lè jíròrò lórí ìwọ̀nyí. A lè ṣe eré láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ tí kò sí ẹni tó nílò amúlétutù.

Ìdánwò JAMB ń mú owó wọlé. Kí ló dé tí ẹ fi ń takò ó?

A kò takò ó. JAMB, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bwari, ti sọ gbogbo ìdánwò UTME, èyí tí a fi ń wọ yunifásítì, di ti orí kọ̀ǹpútà láti ọdún 2015, ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà sì ń rí owó díẹ̀ níbẹ̀, ó sì tún ń lò ó fún ìdánwò tirẹ̀. Àǹfààní gidi ni.

Ìbéèrè wa ni pé kí ló dé tó fi jẹ́ ilé yìí. Kọ̀ǹpútà kò nílò àjà gíga, kò nílò yàrá ìmúra, kò sì nílò ẹ̀yìn ìtàgé. Gbọ̀ngàn pẹrẹsẹ tí òrùlé rẹ̀ dára tó iṣẹ́ náà. Ilé tó wọ́n láti kọ́ ni wọ́n fẹ́ bàjẹ́ kí wọ́n lè ní èyí tó rọrùn láti kọ́. Ìdánwò UTME kò sì ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ lọ́dún.

Ilé náà ti gbó, òrùlé rẹ̀ ń jò. Ṣé kò léwu?

Ó lè léwu, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ojú fo èyí. Wáyà tó ti gbó lábẹ́ ìtàgé onípákó lè di iná, irin òkè tí wọn kò yẹ̀ wò lè já lu ènìyàn. Bí ẹlẹ́rọ bá yẹ̀ ẹ́ wò tó ní kí wọ́n tì í fún àtúnṣe, a ó gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá lò. Títì fún àtúnṣe máa ń ní ìwé ẹlẹ́rọ, iye owó àti ọjọ́ ìpadàbọ̀. Bí àwọn aláṣẹ bá sọ pé àwọn tì í nítorí ewu, ẹ bi wọ́n ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Bí kò bá sí ọ̀kankan, ewu kọ́ ni wọ́n ń sá fún.

Ṣé ẹ̀sìn kò kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Òkè Ọya?

Àwọn Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì tó ní ìfura sí eré kì í ṣe ọ̀tá wa, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ òbí akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó ń bí wọn nínú ni ìwà àìtọ́ lórí ìtàgé, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó bá sì mọ ìlú tó wà yóò yan eré pẹ̀lú ọgbọ́n. Ìlọrin tó jẹ́ ìlú àáfáà ni orin dàdàkúàdà ti gbilẹ̀. Ní ti Kìrìsìtẹ́nì, ìjọ Aládùúrà ni Ògúńdé ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ fún, ní Glover Hall, Èkó, ní ọdún 1944, láti inú Bíbélì.

Mo ti jókòó nínú ilé náà ní alẹ́ kan tí àwọn obìnrin oníhíjáàbù kún ìlà mẹ́ta níwájú. Eré lórí ọmọbìnrin tí wọ́n yọ kúrò nílé ẹ̀kọ́ ni. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dìde dúró nígbà tó parí.

Lásìkò ìjínigbé yìí, ta ni yóò jáde lọ wo eré lálẹ́?

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, a kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ eré ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ó parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé tíátà ṣókùnkùn nínú lọ́sàn-án gangan, nítorí náà eré kò pàdánù ohunkóhun.

Ta ló láṣẹ láti tì í?

Gíwá yunifásítì kò lè dá a ṣe bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Sẹ́nétì ló ń pinnu ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, gíwá ló sì ń darí ìjókòó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé, ilẹ̀ àti owó wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Lókè wọn ni Àlejò (Visitor) wà, èyí tó jẹ́ Ààrẹ orílẹ̀-èdè fún yunifásítì ìjọba àpapọ̀ àti gómìnà fún ti ìpínlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sí alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ, kí ẹ sì gbà á gba ọ̀dọ̀ Rẹ́jísírà, nítorí pé òun ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà. Ẹ ní kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tí ẹ mú dání.

Kí ni mo lè ṣe bí n kò bá lówó lọ́wọ́?

Ẹ lọ wo eré. Ohun tí ń ran àwọn tó fẹ́ tì í lọ́wọ́ jù ni àga tó ṣófo. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà ìgbà tí wọn yóò ṣe eré Yorùbá. Bí ẹ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ kọ ojú ìwé kan péré: ọdún tí ẹ jáde, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ohun tí ilé náà kọ́ yín tó wúlò nínú iṣẹ́ náà. Lẹ́tà ogún tó sọ nǹkan gidi ju orúkọ ẹgbẹ̀rún kan lọ.

Bí mo bá fẹ́ fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́ ńkọ́?

Ẹ má ṣe fi owó sínú àpò ẹnikẹ́ni, títí kan tiwa. Owó tó bá wọ àpò gbogboogbò yunifásítì lè gba ibòmíràn lọ, nítorí náà ohun tó dára jù ni kí ẹgbẹ́ ra ohun èlò: iná LED, aṣọ ìkélé, wáyà, àga. Kí wọ́n fi lẹ́tà gbé e kalẹ̀, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ sì kọ ọ́ sínú ìwé ohun ìní wọn. Fún àtúnṣe ńlá bí òrùlé, yunifásítì ìjọba lè kọ ọ́ sínú ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ TETFund, àjọ ìjọba tó ń fi owó ran àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, tó ń rí owó láti inú owó orí àwọn ilé iṣẹ́. Ohun tí ará ìta lè ṣe ni láti bèèrè bóyá wọ́n kọ ọ́.

Bí wọ́n bá tì í báyìí, ṣé wọn kò lè tún un ṣí nígbà tí owó bá dé?

Ìbéèrè yìí ló ń dùn mí jù, nítorí pé àwọn ènìyàn rere ló máa ń bi í. Ilẹ̀kùn ló rọrùn láti ṣí. Nínú ilé tí mo mọ̀, bàbá kan wà tó ti ń tọ́jú iná láti ìgbà tí èmi kò tíì dé. Kò sí ìwé tó kọ okùn wo ló ń gbé irin wo. Ó fi ọ̀dà pupa, ọ̀dà ofeefee àti ọ̀dà dúdú kun ìdí okùn kọ̀ọ̀kan, òun nìkan ló sì mọ ìtumọ̀ gbogbo wọn. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. Nínú yàrá aṣọ, kọ́là agbádá kan ní orúkọ òṣèré mẹ́sàn-án tí wọ́n fi báírò kọ, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, láti ìran dé ìran akẹ́kọ̀ọ́.

Ọdún mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò. Bí ilé náà bá wà ní títì fún ọdún mẹ́rin, kò ní sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan nínú ọgbà tó ti rí eré níbẹ̀ rí, kò ní sí ẹni tí yóò fi iṣẹ́ han ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, bàbá yẹn yóò sì ti lọ sílé.

Bí àwọn aláṣẹ bá ní ká jọ máa lò ó, ṣé ẹ ó gbà?

A ó gbà, bí wọ́n bá fọwọ́ sí i pé wọn kò ní tẹ́ ilẹ̀ ìjókòó pẹrẹsẹ, wọn kò ní tú irin òkè, wọn kò sì ní sọ yàrá aṣọ di ibi ìkẹ́rù. Kọ̀ǹpútà alágbèéká lórí tábìlì tó ṣeé ká lè wà lórí ìtàgé fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, kí wọ́n sì kó wọn kúrò ní ọjọ́ kejì. A fẹ́ kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá nínú sáà kọ̀ọ̀kan, kí ọjọ́ náà wà nínú kàlẹ́ńdà yunifásítì, kí kọ́kọ́rọ́ kan sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú iná.